Wọ́n Ní Irin Ò Gbọdọ̀ Kàn Án

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kò sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Irin ò gbọdọ̀ kan kókó inú ọmú o! Kókó tó bá ń sùn, ẹ jẹ́ kó máa sùn. Bí irin bá ti kàn án, á jí, á sì bínú." Ìdí tábìlì ló ti sọ ọ́, níṣojú ọkọ mi, bí ẹni pé inú yàrá tirẹ̀ ni ọmú mi ń gbé. Mo gbé ṣíbí mi kalẹ̀. Mo ní, "Màmá, inú ń bí èmi náà. Ẹ jẹ́ kí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ máa bínú síra wa." Omi tí ọkọ mi ń mu gbà á lọ́fun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Akunlé ni mí. Mo máa ń gun àkàbà, mo máa ń kun àjà àti ògiri ilé onílé. Ìyá Ọlọ́dà làwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń pè mí, torí kò sọ́jọ́ tí ọ̀dà kì í wà léèékánná mi. Ẹja tó ti dì sí yìnyín ni ọkọ mi ń tà. Ẹlẹ́ja ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń pè é bí inú mi bá dùn. Bí inú bá ń bí mi, mo máa ń pè é ní Bàbá Àwọn Ọmọ, á sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé. Màmá, ìyá rẹ̀, ti ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí bàbá ọkọ mi ti kú. Èèyàn gidi ni. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló ṣòro.

Orí àkàbà ni mo ti rí kókó náà. Mo ń kun àjà yàrá kan, mo gbé apá sókè, òógùn ń ṣàn sí mi lábíyá, mo wá fi ọwọ́ kejì nù ún. Ọwọ́ mi kan nǹkan líle kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmú òsì. Mo rò pé ọ̀dà ló gbẹ mọ́ mi lára. Mo fi èékánná ha á, kò ṣí. Mo tún ha á. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe orí awọ ló wà, inú ló wà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sórí garawa, mo sì wà níbẹ̀ títí ọ̀dà fi gbẹ mọ́ búrọ́ṣì mi. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò ní parọ́.

Gbogbo ẹni tí mo sọ fún, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Ṣé ó ń dùn ẹ́?" Bí mo bá ti ní rárá, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní bí kò bá ti dùn mí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ta ló sọ fún wọn? Ògiri tí omi ń jẹ láti inú, ṣé ó máa ń ké ni? Mo ti rí ògiri tó dúró digbí, tó ń dán, tí mo fi ìka tẹ̀ tí ìka mi sì wọlé. Mo kó ara mi, mo gba ilé ìwòsàn lọ.

Dókítà tó wò mí, obìnrin ni. Kò lè ju àbúrò mi àbíkẹ́yìn lọ, ojú rẹ̀ sì tutù. Ó bi mí ìgbà tí mo rí i, bóyá ó ń tóbi sí i, bóyá omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórí ọmú, bóyá ẹnì kan nínú ẹbí mi ti ní irú rẹ̀ rí. Ó ní kí n jókòó, kí n gbé apá méjèèjì sókè, kí n tún fi ọwọ́ lé ìbàdí, ó kàn ń wò mí. Lẹ́yìn náà ló ní kí n dùbúlẹ̀. Ó wá ń fi orí ìka tẹ ọmú mi yíká, díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún kó tó dé òsì, ó tẹ abíyá mi, ó tẹ ẹ̀bá ọrùn mi. Nígbà tó dé orí kókó náà, ìka rẹ̀ dúró. Èmi náà mọ̀ pé ó dúró.

Ó rán mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò ọmú. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ yẹn, ọkùnrin ni, mo lè fi orí mi búra. Páálí líle méjì ló fi ń há ọmú mọ́ àárín, á tẹ̀ ẹ́ títí á fi fẹ́lẹ́, ẹni tó ń lò ó á sì máa sọ fún ẹ pé, "Màdáámù, ẹ má mí o." Ibo ni mo ti fẹ́ rí èémí tí mo fẹ́ mí?

Fọ́tò jáde, ó mọ́ tónítóní. Wọn ò rí nǹkan kan. Ẹlẹ́ja fò sókè nínú ilé. "Mo ti sọ! Kò séwu lóko, àfi gìrì àparò!" Màmá dúpẹ́, ó dúpẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo àyà. Mo rò pé torí tèmi ló ṣe ń dúpẹ́.

Dókítà ò bá wọn yọ̀. "Ọwọ́ mi rí nǹkan," ó ní, "fọ́tò ò rí nǹkan. Ọmú àwọn obìnrin kan máa ń ki, fọ́tò kì í sì í rí gbogbo ohun tó bá wà nínú rẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí méjì bá ta ko ara wọn, a ò lè tú ìpàdé ká. Ó ku ẹlẹ́rìí kan, abẹ́rẹ́ ni." Ó ṣàlàyé pé abẹ́rẹ́ náà á mú díẹ̀ jáde nínú kókó, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹnu lásán ni gbogbo wa ń sọ. Mo bi í bóyá òótọ́ ni pé irin á mú un bínú, á sì tàn án káàkiri ara. Ó ní, "Irọ́ ni. Kókó tí ẹnikẹ́ni ò gún náà ń pa èèyàn. Mo ti rí wọn."

Ohun tí mo mú dé ilé nìyẹn tí Màmá fi pariwo irin nídìí tábìlì. Nígbà tó rí i pé mi ò mira, ó gbà á lọ́nà mìíràn. Ó ní, "Ìyàwó mi, bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́."

"Inú mi ti bàjẹ́, Màmá," mo dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ kí etí mi náà wá gbọ́."

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ pé, Ẹlẹ́ja tẹ̀ lé mi. Wọ́n kọ́kọ́ pa ojú ibẹ̀ kú. Dókítà gbé abẹ́rẹ́ tó nípọn kan tì í, ó tẹ̀ ẹ́, ó dún tá! bí ìgbà tí káfíńtà bá kan ìṣó. Mo fò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó tún dún. Ohun tó yọ jáde, tín-ín-rín bí òwú ni, ó funfun, wọ́n sì sọ ọ́ sínú ìgò kékeré tí omi kan wà nínú rẹ̀. Omi náà ń ta ni nímú. Mo wo ẹran ara mi bó ṣe ń léfòó, mo ní kí n dìde, òyì kọ́ mi. Wọ́n tún dá mi dùbúlẹ̀.

Ibi tí ìgò ń lọ, òdìkejì ìlú ni, ẹni tó ń kó o lọ síbẹ̀ sì ti lọ fún ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì wá gbé ìgò lé Ẹlẹ́ja lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ bá wa gbé e lọ síbi àyẹ̀wò láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ rọra o, ẹ má jẹ́ kó bàjẹ́."

Ẹ wo ẹni tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ọkùnrin tó ti ń ta ẹja láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù. Bí iná bá lọ nígbà tó ń jẹun, á fi oúnjẹ sílẹ̀ lọ tan ẹ̀rọ iná ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni "má jẹ́ kó bàjẹ́" jẹ́ létí rẹ̀. Èmi sùn bí òkú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò bi í léèrè ibi tó gbé e sí.

Nígbà tí a dé ibi àyẹ̀wò lọ́jọ́ kejì, ó yọ ìgò náà nínú ìwé ìròyìn tó fi wé e, bó ṣe máa ń wé ẹja fún oníbàárà. Ìgò náà ti funfun. Obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ gbé e sókè síbi iná, ó mì ín, kò mì.

"Ta ló fi èyí sínú yìnyín?"

"Èmi ni," Ẹlẹ́ja dáhùn, ó sì na àyà. "Omi inú rẹ̀ ti ń rùn, mo dà á nù. Mo fi omi tó mọ́ ṣan ẹran náà, mo wá gbé e sí ìsàlẹ̀ fírísà, níbi tó tutù jù. Ẹran kan ò bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí."

Obìnrin náà wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó. Kò bú u. Ó ní, "Bàbá, omi tó ń rùn yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kó bàjẹ́. Yìnyín ti fa inú rẹ̀ ya. Mi ò lè rí nǹkan kan kà níbẹ̀ mọ́."

Àyà tó nà yẹn wọlé padà. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí i kó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí. Inú bí mi débi pé mi ò lè pè é ní Ẹlẹ́ja, mi ò sì lè pè é ní Bàbá Àwọn Ọmọ. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kan náà, torí mo mọ̀ pé ibi tó dára jù nílé ayé rẹ̀ ló gbé ẹran ara mi sí.

Nígbà tí a délé, òun ni gbogbo èèyàn ń rẹ̀ lẹ́kún. Ará ilé ń sọ pé kó má da ara rẹ̀ láàmú, kò mọ̀ọ́mọ̀, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Màmá ní tirẹ̀ ti rí ìtumọ̀ sí i. "Ọlọ́run ló dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Kò fẹ́ ká mọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀." Ẹlẹ́ja tí ojú ń tì náà gbẹ́nu lé e: "Bóyá ká ṣì dúró díẹ̀ ná..."

"Bàbá Àwọn Ọmọ," mo ní.

Ó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé.

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọmú náà rèé láyà mi, kókó náà ò sì kúrò níbẹ̀. Wọ́n á tún un gún. Ẹ̀yin náà, Màmá, bí Ọlọ́run ò bá fẹ́ ká mọ̀, kí ló dé tó jẹ́ kí ọwọ́ mi bà á?"

Màmá tún fi ọwọ́ bo àyà. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, láti ibi iṣẹ́ ni mo ti gba ilé ìwòsàn lọ, tòun ti aṣọ ọ̀dà lọ́rùn. Akọ̀wé tó ń fún èèyàn ní ọjọ́ jókòó sẹ́yìn tábìlì, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin lẹ ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, àwọn tó ń dúró sì pọ̀."

"Mo gbọ́. Mo máa dúró."

"Ẹ máa dúró títí di ọdún tó ń bọ̀?"

"Bó bá gbà bẹ́ẹ̀."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó dojú kọ ọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, mo ń wò ó. Ó bínú, mo ń wò ó. Nígbà tó yá, ojú mi kúrò lára rẹ̀, ó lọ sára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀dà ibẹ̀ ti wú, ó yọ síta bí ikùn aláboyún.

"Ògiri yín yẹn ò yá o," mo sọ fún un. "Omi wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan kun ọ̀dà lé e lórí kí ojú má bàa rí i."

"Kí ló kàn yín níbẹ̀? Ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀, kò ṣe wá ní nǹkan kan."

"Àbí ẹ ti bi í bóyá ó ń dùn ún?"

Àwọn obìnrin tó ń dúró bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan sọ pé òun náà ń dúró pẹ̀lú mi, òmíràn ní kí akọ̀wé fi ìka tẹ ògiri náà wò. Ariwo yẹn ni Dókítà gbọ́ tó fi ṣílẹ̀kùn. Mo sọ ọ̀rọ̀ fírísà fún un láìfi kan pè méjì. Ó gé ètè jẹ kó má bàa rẹ́rìn-ín, ó wá wo ojú mi, ẹ̀rín náà sì kú. "Ẹ dúró, Màdáámù," ó ní. "Bí mo bá ti wo àwọn yìí tán, màá gún un lónìí."

Ó gún un. Tá! Mo ti mọ ohùn rẹ̀, mi ò fò mọ́. Ẹlẹ́ja ti sáré dé nígbà yẹn, òórùn ẹja lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì nawọ́ ìgò sí i, àṣà ti mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n ọkọ mi kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ṣúgà. "Ìyàwó mi ni kí ẹ gbé e fún." Mo gbé ìgò náà lé itan nínú mọ́tò, omi rẹ̀ ń rùn, mo sì ń gbádùn òórùn náà. Ibi àyẹ̀wò ò tíì tì nígbà tí a débẹ̀.

Ní àwọn ọjọ́ tí a fi ń dúró, mo kun odindi ilé kan, inú àti òde. Onílé ní òun ò rí ẹni tó ń kun ilé bí ẹni ń bá ilé jà rí. Lẹ́yìn náà ni Dókítà pè wá.

Kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. "Jẹjẹrẹ ni," ó ní. "Ó kéré, a sì tètè bá a. Ní gbogbo ibi tí a wò títí di ìsinsìnyí, a ò rí i níbòmíràn. A lè yọ ọ́, oògùn á sì tẹ̀ lé e."

Ẹlẹ́ja bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún ọkùnrin tó dàgbà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sun ún. Ní tèmi, mo ń ha ọ̀dà tó gbẹ mọ́ èékánná mi. Mo ronú nípa ọdún tó ń bọ̀ tí akọ̀wé fẹ́ fún mi. Mo ronú nípa fọ́tò tó mọ́ tónítóní. Nígbà tí mo rí ohùn mi, ìbéèrè kan ló bá jáde.

"Ọjọ́ wo lẹ máa yọ ọ́?"

"Ẹ ò fẹ́ lọ sinmi, kẹ́ ẹ rò ó wò?"

"Mo ti rò ó tán lórí bẹ́ǹṣì yín níta."

Màmá wà nílé ìdáná nígbà tí a dé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mi ò jókòó. "Màmá, jẹjẹrẹ ni. Wọ́n máa fi irin yọ ọ́, mo sì ti gbà." Mo dúró de ariwo. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, mo ti di ẹnu mi ní àmùrè. Ariwo ò wá. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ, àmọ́ mo rí i pé òkúta ló ń sọ sínú àwo, ẹ̀wà tó dáa ló ń dà nù.

Ó nu ọwọ́, ó tẹ̀ lé mi wọ yàrá mi, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀.

"Ìyàwó mi, wá fọwọ́ kan èyí."

Mi ò nílò láti wá a. Ó tóbi ju tèmi lọ dáadáa, ó le, awọ orí rẹ̀ sì ti fà wọnú. Mo ní, "Láti ìgbà wo?"

"Kí bàbá ọkọ rẹ tó kú."

"Màmá!"

"Kò dùn mí." Ohùn rẹ̀ ti di ohùn ọmọdé. "Kò dùn mí rí. Mo ní bí mo bá pariwo tó, bí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí ò bá fi irin kan tirẹ̀, èmi náà ò ní... kò ní sí ẹni tó máa bi mí."

Mo gbá ògiri lábàrá. Lẹ́yìn náà mo dì mọ́ ọn, mo dì mọ́ ọn le. Gbogbo ariwo tó ń pa lé mi lórí, ọmú tirẹ̀ ló ń gbèjà. Inú bí mi sí i, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì mọ̀ pé kò sí àyè fún ìkankan nínú méjèèjì.

"Ẹ wọ bàtà yín," mo ní.

"Mo ti dàgbà, jẹ́ kí n..."

"Ẹ wọ bàtà yín, Màmá. Èmi pẹ̀lú yín la jọ máa bínú sí i báyìí."

Akọ̀wé rí mi tí mo wọlé, ó rí Màmá lẹ́yìn mi, ó sì rí ojú mi. Kò dárúkọ ọdún tó ń bọ̀. Dókítà fi ọwọ́ tẹ Màmá wò, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹlẹ́rìí méjèèjì fẹnu kò, ẹnu wọn ò sì dáa. Ó ku ẹ̀kẹta. Ẹlẹ́ja dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

Màmá dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo ti fò lọ́jọ́sí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń wo abẹ́rẹ́ tí Dókítà gbé.

"Ìyàwó mi, ṣé irin yẹn ń dùn?"

"Díẹ̀ ni, Màmá."

"Má parọ́ fún mi."

"Ó ń dùn."

Ó tún wo abẹ́rẹ́ náà, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó wá yíjú sí Dókítà.

"Ẹ gún un," ó ní. "Ó ti sùn tó."